Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Olùkọ́ Tí Ẹ Ń Kó Ọmọ Lọ sí Òkè Ìdànrè

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àti ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ní ìpínlẹ̀ Oǹdó àti ní gbogbo ìpínlẹ̀ tó yí wa ká,

Mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ. Kò sí olùkọ́ tó ń kó ọgọ́ta ọmọ jáde kúrò nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ lọ sí ìlú mìíràn tí àyà rẹ̀ kì í já títí ọmọ tó kẹ́yìn yóò fi padà dé ọ̀dọ̀ òbí rẹ̀, nítorí náà kì í ṣe láti bá yín wí ni mo fi jókòó kọ ìwé yìí. Ọmọ Odòde Ìdànrè, ìlú tó wà ní ìsàlẹ̀ òkè náà, ni mí, mo sì ti kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ jọ́gíráfì ní Àkúrẹ́ fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, mo ti bá ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gun Òkè Ìdànrè ní àìmọye ìgbà, ohun kan sì wà tí mo ń rí níbẹ̀ lọ́dọọdún tó ń dùn mí dọ́kàn. Òun ni mo fẹ́ bẹ̀ yín lé lórí: ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ yín padà lẹ́yìn nígbà tí wọ́n bá gun àtẹ̀gùn tán.

Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ rí mọ bí ó ṣe máa ń rí. Bọ́ọ̀sì tó yẹ kó gbéra ní Àkúrẹ́ ní aago méje á gbéra ní aago mẹ́sàn-án, nítorí pé ọmọ kan kò tètè dé, tàbí nítorí pé ìrẹsì tí a fẹ́ gbé dání kò tíì jinná. Ọ̀nà náà kò jìn, nǹkan bí ogún kìlómítà ni, ṣùgbọ́n kí a tó san owó ìwọlé, kí a tó to àwọn ọmọ sórí ìlà, kí a tó ka iye wọn, oòrùn ti mú. Àwọn ọmọ á sáré gun àtẹ̀gùn bí ẹni tí wọ́n ń lé, wọn á máa mí hẹlẹhẹlẹ kí wọ́n tó dé ibi ìsinmi kejì, omi inú ọ̀rá tí a gbé dání á tán lójú ọ̀nà, nígbà tí a bá sì fi dé ibi tí àtẹ̀gùn parí sí, àárẹ̀ ti mú àgbà, ebi sì ti ń pa ọmọdé. Wọn á yíjú sí ìsàlẹ̀, wọn á rí òrùlé páànù ìlú lọ salalu láàárín àwọn òkè, wọn á hó yèè, wọn á ya fọ́tò. Olùkọ́ á wo aago ọwọ́ rẹ̀, á ní, “Ó ti tó, ẹ jẹ́ ká máa lọ.” Bí ọ̀pọ̀ ọmọ ṣe ń lọ sí Òkè Ìdànrè láì dé Ìdànrè nìyẹn.

Ìlú ló wà lókè yẹn, ẹ̀yin èèyàn mi. Ibi tí àtẹ̀gùn parí sí, ẹnu ibodè ni. Ẹni tó bá yí ẹ̀yìn sí ibi tí gbogbo ènìyàn ń kọjú sí láti ya fọ́tò, tó sì tẹ̀ síwájú láàárín àpáta àti koríko, yóò dé ibi tí àwọn baba wa gbé fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1920. Ààfin Ọwá wà níbẹ̀, pẹ̀lú àgbàlá rẹ̀ àti àwọn òpó igi tí wọ́n gbẹ́ ère sí lára. Ilé ẹjọ́ àtijọ́ wà níbẹ̀, ilé agogo wà níbẹ̀, ibi ìsìnkú àwọn ọba wà níbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n máa ń sọ pé ọdún 1896 ni wọ́n dá a sílẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé olùkọ́ á kó akẹ́kọ̀ọ́ gun òkè, á sì kó wọn sọ̀ kalẹ̀ láì fi hàn wọ́n pé àwọn ọmọ bíi tiwọn ti jókòó kọ́ a-bí-dí lórí àpáta náà, nígbà tí púpọ̀ nínú àwọn ìlú tó wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ kò tíì rí ilé ẹ̀kọ́ rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára tó bẹ́ẹ̀. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo tẹ̀ lé ilé ẹ̀kọ́ kan lọ, n kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí àwọn olùkọ́ ibẹ̀ sa gbogbo ipá wọn lọ́jọ́ náà. Oṣù kẹfà ni, òjò ti rọ̀ ní òru. A pẹ́ kí a tó gbéra, a sáré gun òkè, a ya fọ́tò tiwa, a sì ti ń múra láti padà nígbà tí ọmọbìnrin kan tó wà ní kíláàsì kejì girama rìn lọ síwájú díẹ̀ láti wò ó bóyá ọ̀nà ṣì wà. Ó fi ẹsẹ̀ lé ibi dúdú kan tí omi ń ṣàn gba orí àpáta, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó sì fi orúnkún gbálẹ̀. Èmi ni mo jókòó tì í, tí mo ń fi omi ìkẹyìn inú ọ̀rá ṣan ẹ̀jẹ̀ kúrò lójú ọgbẹ́. Ọmọ náà kò sunkún. Ó ń wo omi tó ń ṣàn lọ, ó wá bi mí pé, “Mà, àwọn tó ń gbé ibí nígbà kan, níbo ni wọ́n ti ń pọn omi?”

Mo mọ ìdáhùn ìbéèrè rẹ̀. Mo mọ̀ pẹ̀lú pé ìrìn díẹ̀ ló kù kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí i, ṣùgbọ́n awakọ̀ ti pè wá lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹta, àwọn ọmọ yòókù sì ti wà lórí àtẹ̀gùn. Mo ní kí ó dìde ká máa lọ. Nínú gbogbo ìbéèrè tí ọmọ ti bi mí lórí òkè yẹn, n kò gbọ́ èyí tó dára tó o rí, ohun tí mo sì fi dá a lóhùn nìyẹn. Títí di òní, tí mo bá rántí rẹ̀, ojú máa ń tì mí.

Ohun tí mo ti ń ṣe láti ìgbà náà ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin náà máa ṣe. Àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ ni àkókò. Ẹ fi gbogbo ọjọ́ náà jìn ín. Kí ẹsẹ̀ ọmọ àkọ́kọ́ ti wà lórí àtẹ̀gùn ní aago mẹ́jọ àárọ̀, nítorí pé àpáta kò dà bí ilẹ̀ lásán: tí oòrùn bá ti pa á fún wákàtí mẹ́rin, ìsàlẹ̀ ni ooru rẹ̀ ti ń gbà bọ̀ wá bá ènìyàn. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbé omi tirẹ̀ dání, kì í ṣe kí ẹ di gbogbo omi sínú àpò kan kí ẹ wá gbé e ru ọmọkùnrin kan. Bàtà kàǹfáàsì ni kí wọ́n wọ̀, nítorí sálúbàtà kò dára fún òkè. Ní ti oṣù, ìgbà ọyẹ́ rọrùn fún ẹsẹ̀ nítorí pé gbogbo ojú àpáta ti gbẹ, ṣùgbọ́n eruku ọyẹ́ a máa bo ìlú débi pé ẹni tó wà lókè kò ní rí ju òrùlé tó sún mọ́ ọn lọ. Èmi fẹ́ràn oṣù kọkànlá, nígbà tí òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ tí ọyẹ́ kò sì tíì dé, tí ojú ọ̀run mọ́ gaara bí ojú dígí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Ẹni tí kò bá sì rí ìgbà mìíràn ju ìgbà òjò lọ, kí ó má ṣe gun òkè lọ́jọ́ tí òjò bá ṣú. Tí àrá bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í sán nígbà tí ẹ wà lórí rẹ̀, kí ẹ yára kúrò lórí àpáta tó ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n sá eré lórí àtẹ̀gùn. Mo máa ń ní kí wọ́n kà á. Àwọn kan nínú ìwé ní 667 ni, àwọn mìíràn ní 682 ni, àwọn ọmọ tèmi kò sì tíì fẹnu kò rí. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ń ka àtẹ̀gùn kò lè sáré, ọ̀gbọ́n ibẹ̀ nìyẹn. Ní ibi ìsinmi kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo wọn jókòó, kí wọ́n mu omi ẹ̀ẹ̀kan, kí wọ́n sì wo ìlú. Kò sí ibi tí ènìyàn ti lè kọ́ ọmọ ní àwòrán ilẹ̀ tó dára tó ìyẹn. Ní ìsinmi àkọ́kọ́, wọ́n ṣì ń rí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn lẹ́yìn ilé, wọ́n ń gbọ́ ohùn ẹni tó ń polówó. Bí wọ́n ti ń gòkè sí i, ilé kọ̀ọ̀kan á parẹ́ sínú àdúgbò, àdúgbò á parẹ́ sínú ìlú, títí wọn yóò fi rí i pé ìlú wọ́ tẹ̀ lé ibi tí àpáta fi àyè sílẹ̀ fún un ni, pé ọ̀nà yípo nítorí pé òkè kò kúrò lọ́nà fún un, àti pé àwọ̀ ewé dúdú tó yí gbogbo rẹ̀ ká, oko kòkó ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, nítorí pé ìlú kòkó ni Ìdànrè láti ìgbà àwọn bàbá àgbà wa.

Kí ẹ wá jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ kan àpáta fúnra rẹ̀. Àwọn wóró funfun ńláńlá wà lára rẹ̀, àwọn kan gùn tó èékánná àtàǹpàkò, wọ́n tò sínú ara dúdú àpáta náà. Àwọn wóró yẹn ni ìwé ìbí òkè náà. Tí ohun gbígbóná tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ bá yára tutù, wóró kò ní ráyè dàgbà. Àwọn tó wà lára òkè wa tóbi nítorí pé jìnnà sísàlẹ̀ ilẹ̀ ni ó ti tutù díẹ̀díẹ̀, ó sì ti lé ní 500 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Ilẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ ni òjò àti àkókò ti gbé lọ, tí àpáta fi yọrí. Bí ẹrù orí rẹ̀ ṣe fúyẹ́, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í là, ó ń bó ní ìpele ìpele bí àlùbọ́sà, ìdí sì nìyí tí orí àwọn òkè wọ̀nyẹn fi rí rogodo. Ibì kan wà tí mo máa ń mú àwọn ọmọ dúró, tí mo ń ní kí wọ́n fi ìkúùkù kan àpáta. Ó máa ń dún bí ìkòkò òfìfo, nítorí pé ìpele òkè ti yà kúrò lára ti ìsàlẹ̀, àfo sì wà láàárín wọn. Ojú ọmọ lásìkò yẹn, kò sí àwòrán inú ìwé tó lè mú irú rẹ̀ wá.

Àwọn ìlà dúdú tó ń ti orí òkè wá sísàlẹ̀, èyí tó gbé ọmọbìnrin yẹn ṣubú, kì í ṣe ìdọ̀tí. Ohun ẹlẹ́mìí tín-ín-tìn-ìn-tín ni wọ́n, wọ́n ń gbé ibi tí omi òjò ń gbà. Tí wọ́n bá gbẹ, ẹsẹ̀ á dì wọ́n mú. Tí wọ́n bá tutù, wọ́n yọ̀ ju ilá lọ. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní èyí kí wọ́n tó kúrò ní kíláàsì. Ẹ sì tún sọ fún wọn pé tí wọ́n bá dé ẹnu ihò àpáta, wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àdán, yálà òkú rẹ̀ ni o tàbí ààyè rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti ṣe ìwádìí lórí àdán inú ihò Ìdànrè, ẹ̀jẹ̀ wọn sì fi hàn pé àwọn kòkòrò àìsàn kan tó bá ti dìgbòlugi tan ti bá wọn jà rí.

Láti ibí yìí ni ẹ ó ti dé ìlú àtijọ́, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ ti lo àkókò yín jù. Ẹ má ṣe wọ ibẹ̀ láì ní afinimọ̀nà. Àwọn ọmọ ìlú wa tó ń ṣe iṣẹ́ náà mọ ohun tí ìwé kò kọ, wọ́n mọ ibi tó jẹ́ ojúbọ tí ẹsẹ̀ àlejò kò gbọdọ̀ dé, wọ́n sì mọ ibi tí a ti gbọdọ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. Wọn á sọ fún yín nípa Olófin Arẹ̀mìtán àti àwọn tó bá a ti Ifẹ̀ wá, tí wọ́n rí òkè náà tí wọ́n pariwo pé “Ìdán rè é!” Wọn á fi òkè Òrósùn hàn yín, wọn á sọ ìtàn Omi Àpáàrá, wọn á sì mú yín dé ibi ẹsẹ̀ Agbóògùn, ojú ẹsẹ̀ kan tó wà lára àpáta, tí wọ́n ní kò sí ẹsẹ̀ tí kò bá a mu, àfi ti àjẹ́. Gbogbo ọmọ ló máa ń fẹ́ ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ dúró tì wọ́n, kí ẹnikẹ́ni má fi ọmọ kan ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí mo ti rí ọmọ tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ eré lásán bà nínú jẹ́ níbẹ̀. Àgbà ló yẹ kó mọ bí a ṣe ń sọ ìtàn ìṣẹ̀ǹbáyé kó dùn láì ta ọmọ ọlọ́mọ lára.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá omi. Mo máa ń fi ìbéèrè ọmọbìnrin yẹn fún wọn gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àṣetiléwá tí wọn kò gbọdọ̀ gbé délé. Wọn á rí i fúnra wọn pé òjò kò lè wọ inú àpáta, pé gbogbo rẹ̀ ń ṣàn lọ sí àwọn àfonífojì kéékèèké tó wà láàárín àwọn òkè, níbi tí ilẹ̀ ti kó jọ, tí igi ti hù, tí omi sì ń pẹ́ kó tó gbẹ. Láti ibẹ̀ ni wọn á ti bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé, tí omi bá wà, tí ilẹ̀ oko bá wà nínú àfonífojì, tí ògiri àpáta sì wà níbi gbogbo, ọ̀tá wo ni yóò gun òkè wá bá ìlú bẹ́ẹ̀ jà? Ní ayé ìgbà tí ogun ń kó ìlú lọ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, òkè ni odi wa.

Nígbà tí wọ́n bá ti mọ èyí tán ni kí ẹ tó mú wọn padà sí etí àpáta láti wo ìlú ìsàlẹ̀. Èmi kì í jẹ́ kí wọ́n ya fọ́tò títí di ìgbà yìí. Ìlú kan náà ni wọ́n ń wò, ṣùgbọ́n ojú tí wọ́n fi ń wò ó ti yàtọ̀, nítorí pé ìlú kejì ti wà lẹ́yìn wọn, wọ́n sì ti mọ̀ pé ẹsẹ̀ ènìyàn ló so méjèèjì pọ̀. Mo máa ń sọ ti ìyá ìyá mi fún wọn níbẹ̀. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀. Ó ní ọkọ̀ àti ọjà wà ní ìsàlẹ̀, oko kòkó wà ní ìsàlẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ti ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kò fẹ́ lọ. Nígbà tó gbà níkẹyìn, ọlọ ata rẹ̀ ló gbé rù. Bàbá wọn ní, “Ìwọ obìnrin yìí, ṣé kò sí òkúta nísàlẹ̀ ni?” Ó ní, “Ó wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí.” Ó ru ọlọ náà láti òkè dé Odòde, ó ń sinmi, ó ń gbé e padà. Ọlọ náà wà ní ilé ìdáná wa títí di òní, àárín rẹ̀ ti jẹ wọnú bí àtẹ́lẹwọ́, àwọn wóró funfun náà sì wà lára rẹ̀. Ọmọ tó bá ti fi ọwọ́ kan àpáta lówùúrọ̀ máa ń mọ ohun tí mo ń wí láì jẹ́ pé mo ṣàlàyé.

Ohun kan tún kù tó ń bà mí nínú jẹ́, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Orúkọ ilé ẹ̀kọ́ àti orúkọ kíláàsì wà lára àpáta lókè yẹn, wọ́n fi ọ̀dà kọ wọ́n. Ní ọdún 2007, orílẹ̀-èdè wa fi Òkè Ìdànrè sínú àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí a fẹ́ kí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, wò bóyá ó yẹ ní ogún gbogbo àgbáyé. Ọ̀dà kò ní bó bọ̀rọ̀ lára òkúta. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yẹ àpò wọn wò kí ẹ tó gbéra, kí ẹ sì rí i pé gbogbo ọ̀rá omi tí a gbé gòkè ni a gbé sọ̀ kalẹ̀.

Mo mọ̀ pé yóò ná yín ní owó díẹ̀ sí i, pàápàá owó afinimọ̀nà, àti pé àwọn òbí kan á bínú tí bọ́ọ̀sì bá fi ìrọ̀lẹ́ dé. Tí ẹ kò bá lè rí owó kó gbogbo ọmọ lọ, ẹ kó ìdajì wọn lọ lọ́dún yìí, kí ìdajì yòókù lọ lọ́dún tó ń bọ̀, ìyẹn sàn ju kí gbogbo wọn lọ padà ní orí àtẹ̀gùn. Èmi ti fẹ̀yìn tì báyìí, orúnkún mi kò sì fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ òkè mọ́, ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ Sátidé inú oṣù kọkànlá, mo máa ń jókòó sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ní Odòde láti aago méje àárọ̀. Olùkọ́ tó bá rí ìyá kan tó dé fìlà raffia, tó fi ọ̀pá ìtilẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ó kí mi. Bí ara bá le lọ́jọ́ náà, a ó jọ gòkè ni, n ó sì fi ibi tí wọ́n ti ń pọn omi hàn àwọn ọmọ yín.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ olùkọ́,
Ọmọ Odòde kan, olùkọ́ jọ́gíráfì tó ti fẹ̀yìn tì, ní Àkúrẹ́.